Géètì ẹsẹ̀ bàtà 12 tí mo jó ti lọ́, ṣíìtì ẹ̀ ń wú jáde, ẹ̀yin ọ̀gá wẹ́dà ẹ gbà mí o

Wẹ́dà Òkè-Baálẹ̀:

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ nídìí iná. Òkè-Baálẹ̀ níbí l'Òṣogbo ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, oṣù kẹjọ rèé tí mo ti gba fúrídọ̀ọ̀mù, èmi àti ọmọ iṣẹ́ kan ṣoṣo la jọ wà níbẹ̀. Bọ́gílárì ojú fèrèsé ni mo sábà máa ń ṣe, ìyẹn kì í dà mí láàmú. Iṣẹ́ yìí ló kọ́kọ́ tóbi tí mo máa dá gbà: géètì alápá méjì, fífẹ̀ ẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà 12, gíga ẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà 7, ìyẹn ni pé apá kan jẹ́ 6 sí 7. Sukúà páìpù oní 2 ínṣì ni mo fi ṣe fúréèmù, 1.5mm, ṣíìtì 1.2mm ni mo fi bo ojú ẹ̀.

Apá kíní ni mo ti ṣe o, òun ló dá wàhálà sílẹ̀. Mo tẹ́ páìpù sílẹ̀ lórí kọnkéré iwájú ṣọ́ọ̀bù, mo jó igun kan parí pátápátá kí n tó bọ́ sí ìkejì, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe yí i ká. Nígbà tí mo gbé ṣíìtì lé e, mo bẹ̀rẹ̀ láti orí mo sì jó o lọ gbọọrọ títí dé ìsàlẹ̀ láì gbé ọwọ́, torí mo rò pé bó ṣe máa lágbára nìyẹn. Ìgbà tá a gbé e dúró ni mo rí i pé igun òkè kan ti jáde síta tó ínṣì kan àtààbọ̀. Ṣíìtì àárín sì wú bí ikùn, tí mo bá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ á dún gbà á wọlé, tí mo bá yọwọ́ á tún jáde padà. Páìpù lu níbi mẹ́ta, mo dí i, ibi tí mo dí wá rí ṣákaṣàka.

Oníbàárà wá wò ó ní Sátidé, ó ní òun ò lè gbé irú ẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà òun. Mi ò bá a jà torí òótọ́ ló sọ. Àmọ́ owó tó san fún mi ni mo fi ra gbogbo irin, kò sí owó tí mo máa fi ra òmíràn. Ṣé mo lè tún un ṣe àbí kí n gé gbogbo ẹ̀ dànù? Kí ni mo tiẹ̀ ṣe gan-an tó fi rí báyìí, torí apá kejì ṣì wà nílẹ̀ tí mi ò tíì fọwọ́ kàn án.

Nǹkan kan tún wà. Páìpù gàfánáìsì ni mo fi ṣe òpó méjèèjì. Lálẹ́ ọjọ́ tí mo jó o, òtútù mú mi, gbogbo ara ń gbọ̀n, ẹnu mi wá rí bí ẹni tó lá irin. Ìyàwó mi rò pé ibà ni. Lọ́jọ́ kejì ó ti lọ. Ṣé iná yẹn ló fà á?

Ọ̀gá Òkè-Fìà:

Àbúrò, pẹ̀lẹ́. Má gé nǹkan kan dànù o, irin tó wọ́n báyìí. Kọ́kọ́ dá mi lóhùn ná: ẹ̀rọ ìjórin oníkọ́ìlì lò ń lò àbí oní-ínfátà? Ẹlẹ́kítíróòdù, ìyẹn igi tá a fi ń jó irin, gógì mélòó lo fi jó o?

Wẹ́dà Òkè-Baálẹ̀:

Kọ́ìlì ni sà. Gógì 10 ni mo fi jó gbogbo ẹ̀, fúréèmù àti ṣíìtì, òun ló wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ọ̀sán ni mo jó o, iná ń lọ sókè ń lọ sódò.

Ọ̀gá Òkè-Fìà:

Mo ti rí i. Jókòó dáadáa kó o kà á, ó máa gùn díẹ̀.

Àkọ́kọ́, ti lílu. Gógì 10 yẹn 3.2mm ni, páìpù ẹ 1.5mm, ṣíìtì ẹ 1.2mm. Igi tó o mú lọ́wọ́ ju irin tó ò ń jó lọ ní ìlọ́po méjì! Gógì 10 máa ń fẹ́ nǹkan bí ámpù 90 sí 130 kó tó jó bó ṣe yẹ, páìpù 1.5 ò sì lè gba irú iná bẹ́ẹ̀ sára, á yọ́ á lu. Tó o bá wá dín iná kù torí kó má lu, igi á máa lẹ̀ mọ́ irin, ìdàrọ́ á há sínú ojú ìjó, o ò ní mọ̀ títí tó fi máa ya. Gógì 12 tàbí 14, tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù ú lọ, ló yẹ kó o fi ṣe iṣẹ́ yìí.

Ìkejì ló ṣe pàtàkì jù, òun lọ̀pọ̀ ọ̀gá kì í ṣàlàyé fọ́mọ iṣẹ́, wọ́n á ní ṣáà máa wò mí, ọmọ á wo ọwọ́ kò ní mọ ìdí, ó sì ń dùn mí torí ọmọ tó fi ọdún mẹ́ta mẹ́rin sìn ọ́ yẹ kó mọ ìdí. Gbogbo wa la mọ̀ pé irin tó bá gbóná á wú. Àmọ́ kì í ṣe gbígbóná ló lọ́ géètì ẹ, títutù ni. Irin tó yọ́ sí ojú ìjó, tó bá ń tutù ó ń súnkì, bó ṣe ń súnkì ló ń fa irin ẹgbẹ́ ẹ̀ mọ́ra. Kò sí kílámpù tó lè dá a dúró tán, kò sí òkúta tó o lè gbé lé e, tó o bá tú kílámpù ó ṣì máa fà díẹ̀. Ohun tó o lè ṣe ni pé kó o jẹ́ kí fífà ọ̀tún àti fífà òsì dọ́gba, kí wọ́n máa fa ara wọn. Ìwọ wá jó igun kan parí kó o tó bọ́ sí ìkejì, igun yẹn ti fa páìpù lọ síbi tó wù ú kó o tó débẹ̀. Ìgbà tó o wá fa ojú ìjó gbọọrọ lórí ṣíìtì láti òkè délẹ̀, etí ṣíìtì súnkì, àárín ò súnkì, àárín ò wá ríbi lọ, ló bá wú jáde. Ohun tó ń dún gbà yẹn nìyẹn.

Bó o ṣe máa ṣe apá kejì rèé. Má tẹ́ ẹ sórí kọnkéré yẹn mọ́ torí kọnkéré iwájú ṣọ́ọ̀bù kì í tẹ́jú. Wá páìpù gígùn méjì tó tọ́, fi lẹ́fẹ́ẹ̀lì tò wọ́n kí wọ́n dọ́gba, orí wọn ni kó o tò fúréèmù sí. Gé etí páìpù kó bára mu dáadáa, torí àlàfo tó o bá fi irin dí, irin púpọ̀ ló máa súnkì níbẹ̀. Wá táàkì igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìyẹn ni pé kó o kàn fi iná kàn án díẹ̀ kí wọ́n di ara wọn mú, táàkì kékeré. Mú téèpù, wọ̀n ọ́n láti igun dé igun lódìkejì, ìyẹn ìdábùú méjèèjì. Géètì tó jẹ́ ínṣì 72 sí 84, ìdábùú ẹ̀ yẹ kó jẹ́ ínṣì 110 àti nǹkan bí ìdá márùn-ún nínú mẹ́jọ, àmọ́ kí méjèèjì jẹ́ ọ̀kan náà ló jà jù. Tí ọ̀kan bá gùn ju ìkejì, gbá igun tó gùn wọlé díẹ̀díẹ̀ kó o tó jó o. Lẹ́yìn náà jó igun kan níwọ̀nba, fò lọ sí igun tó kọjú sí i lódìkejì, padà wá sí ìkẹta, wá sí ìkẹrin, wá dojú ẹ̀ dé kó o tún ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn. Máa fún un láyè kó tutù fúnra ẹ̀. Má sáré.

Ti ṣíìtì, má jó o lọ gbọọrọ láé. Ṣíìtì kì í gbé ẹrù, kò nílò ojú ìjó tó gùn. Bẹ̀rẹ̀ láti àárín ẹ̀gbẹ́ kan, jó ínṣì kan, lọ sí àárín ẹ̀gbẹ́ tó dojú kọ ọ́, jó ínṣì kan, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀, máa fi nǹkan bí ínṣì 5 tàbí 6 sílẹ̀ láàárín, máa bọ̀ láti àárín lọ sí igun. Kó o tó dé ibẹ̀ rárá, gbé ṣíìtì lọ fún àwọn tó ń fi ẹ̀rọ tẹ ṣíìtì kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní ìdábùú bí lẹ́tà X, títẹ̀ díẹ̀ báyìí ni o, ojú ò tiẹ̀ ní tètè rí i, á gan, kò ní dún gbà mọ́. Kó o sì fi páìpù 1 ínṣì méjì tàbí mẹ́ta há a lẹ́yìn. Àlàfo etí tó o bá fi sílẹ̀, fi bódì fílà dí i kó o tó kun red oxide kómi má bàa wọ ibẹ̀ kó dípẹtà.

Ọmọ Ayétòrò Ínfátà:

Ẹ kú iṣẹ́ ọ̀gá Òkè-Fìà, gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ ló pé. Ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ sí i lórí irin tẹ́ẹ́rẹ́, torí òun ni mo ń ṣe jù, àga àti tábìlì onírin.

Ọ̀rẹ́, kọ́ìlì yẹn ò burú, èmi náà fi kọ́ṣẹ́. Àmọ́ bí iná bá ṣe wọlé sínú kọ́ìlì ló ṣe máa jáde, tí fóltéèjì bá já lójijì, igi á lẹ̀, o máa gbé e sókè sí i, fóltéèjì á tún padà, á lu. Bí mo ṣe ń ṣe é nígbà yẹn ni pé iṣẹ́ ṣíìtì, alẹ́ ni mo máa ń ṣe é, lẹ́yìn aago 11 tí àwọn èèyàn ti pa ẹ̀rọ amúlétutù àti àyọ́ọ̀nù, iná máa ń dúró sójú kan. Nígbà tí mo ra ínfátà ara tù mí. Tó o bá rówó rà á lọ́jọ́ iwájú, máa gbé holder tó ń di igi mú sí ẹ̀gbẹ́ nẹ́gétíìfù, kó o gbé ááfì, ìyẹn wáyà tá a fi ń di irin mú, sí pọ́sítíìfù, fún irin tẹ́ẹ́rẹ́ o. Igi á máa yára yọ́, iná ò ní wọnú irin jìnnà, kò ní tètè lu. Kọ́ìlì ò ní ìyẹn torí iná AC, tó ń pààrọ̀ ẹ̀gbẹ́ nígbà gbogbo, ló ń tú jáde.

E6013 ni kó o rà, òun ni 6013 tó máa ń wà lára páálí. 60 yẹn túmọ̀ sí pé ojú ìjó lè gba fífà 60,000 pọ́ùn lórí ínṣì kan níbùú lóròó, 1 túmọ̀ sí pé o lè fi jó o bó bá ṣe dúró, lókè ni, nílẹ̀ ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni. Àwọn kan máa ń sọ fún ọmọ iṣẹ́ pé E7018 ló lágbára jù, kí wọ́n máa rà á fún géètì. Ó lágbára lóòótọ́, àmọ́ iṣẹ́ irin tó nípọn, bíi bíìmù àti àkàbà ilé gíga, ló wà fún, kò sì fẹ́ ọ̀rinrin rárá, inú ààrò ẹlẹ́kítíríìkì ni wọ́n máa ń tọ́jú ẹ̀ sí. Èwo nínú wa ló ní ààrò nínú ṣọ́ọ̀bù? 6013 náà tó bá ti rẹ̀ ní àsìkò òjò yìí, ojú ìjó máa ní ihò wẹ́wẹ́, bíi búrẹ́dì. Máa wé páálí ẹ̀ sínú nylon, má gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Tó o bá ń jó páìpù 1.5, gbé igi sún mọ́ irin dáadáa, má jẹ́ kí iná gùn. Tó bá jẹ́ pé ó dúró lóòró, máa bọ̀ láti òkè wá sísàlẹ̀, má lọ láti ìsàlẹ̀ sókè, lílọ sókè ń gbóná ju ohun tí irin tẹ́ẹ́rẹ́ lè gbà. Ibi tó bá ti ní àlàfo, fi flat bar tó nípọn tàbí bàbà pẹlẹbẹ ti ẹ̀yìn ẹ̀, á fa ooru mu, bàbà ò sì ní lẹ̀ mọ́ ọn.

Ìyàwó Wẹ́dà, Alẹ́kúwodò:

Ẹ má bínú pé mo dá sí i, èmi kì í ṣe wẹ́dà, nọ́ọ̀sì ni mí, ọkọ mi ló ń jó irin. Ìbéèrè gàfánáìsì yẹn ló mú mi kọ ọ̀rọ̀, torí kò sẹ́ni tó dáhùn ẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni àbúrò, èéfín yẹn ló fà á. Síńkì ni wọ́n fi bo gàfánáìsì lára, síńkì ń hó di èéfín ní 907 dígíríì, irin ò ní yọ́ títí á fi dé nǹkan bí 1,500. Kí irin ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí yọ́, síńkì ti di èéfín funfun, o ti ń mí i sínú. Kì í mú èèyàn lójú ẹsẹ̀, wákàtí mélòó kan lẹ́yìn ẹ̀ ni, ìdí nìyẹn tó fi máa ń jẹ́ alẹ́, tí wọ́n á rò pé ibà ni, wọ́n á lọ ra oògùn ibà. Otútù, ìgbọ̀nrìrì, orí fífọ́, ẹnu tó ń ta bí irin, ó sábà máa ń lọ láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Tó bá jẹ́ pé àyà ló ń dùn ẹ́, tàbí èémí ò jáde dáadáa, tàbí ó kọjá ọjọ́ méjì, má jókòó sílé, lọ sí ọsibítù kó o sì sọ fún wọn pé gàfánáìsì lo jó, torí tó ò bá sọ wọn ò ní mọ̀.

Ọkọ mi náà ti ṣe é rí, ó ń mu mílíìkì alágolo méjì méjì kó tó jó gàfánáìsì torí ọ̀gá ẹ̀ sọ fún un pé mílíìkì máa ń fọ èéfín. Mílíìkì inú ikùn ló ń lọ, inú ẹ̀dọ̀fóró ni èéfín ń lọ. Ẹ má náwó lé e. Ẹ fi fáílìn maṣíìnì ha síńkì kúrò ní ibi tẹ́ ẹ máa jó, ínṣì kan tàbí méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún àti òsì, tinú tòde tọ́wọ́ bá dé inú, ẹ dúró níta, ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ máa ti ẹ̀gbẹ́ fẹ́ èéfín kúrò níwájú yín, ẹ má sì tẹrí bò ó. Àṣọ tẹ́ ẹ fi ń bo imú ò dá nǹkan kan dúró, ìbòmú tó ní ike méjì tó ń sẹ́ afẹ́fẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, èyí tó wà fún èéfín irin, ni kẹ́ ẹ rà.

Ojú ńkọ́? Mo bẹ̀ yín ní orúkọ Ọlọ́run, gíláàsì dúdú tí wọ́n ń tà lójú títì kì í ṣe ti wẹ́dà. Gíláàsì ìbòjú wẹ́dà ní nọ́ńbà lára, 10 tàbí 11 ló yẹ irú iná tẹ́ ẹ ń lò. Mo ti tọ́jú ọmọ iṣẹ́ tó wá lóru tó ń sunkún pé iyanrìn kún ojú òun, ọmọ ọdún 15, òun ló kàn ń di irin mú fún ọ̀gá ẹ̀ láì bo ojú. Ẹ ra ìbòjú méjì, tiyín àti tọmọ iṣẹ́.

Bàbá Ọ̀yíirin:

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ti kà á látòkè, inú mi dùn.

Èmi ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń yí irin níbí l'Òṣogbo nígbà tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Mẹ́ta ni ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀, Òṣogbo, Jos àti Katsina, láti ilé iṣẹ́ irin Aladja ní Delta ni wọ́n ti ń kó irin gbọọrọ tá à ń yí wá fún wa. Ohun tí ọ̀gá Òkè-Fìà ń sọ nípa títutù yẹn, ojoojúmọ́ la ń rí i lójú. Ọ̀pá irin á jáde ní pupa bí ejò, á bọ́ sórí ibi tí wọ́n ti ń jẹ́ kó tutù, tí ẹ̀gbẹ́ kan bá tutù ṣáájú ìkejì, ọ̀pá á tẹ̀ níwájú ẹ, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Àwa náà ń wá lo títutù yẹn kan náà láti fi tọ́ ọ padà.

Ọmọ mi, géètì ẹ ò bàjẹ́. Kọ́kọ́ fi kátìn dísìkì gé ojú ìjó ṣíìtì ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta, fi ẹ̀gbẹ́ kan sílẹ̀. Tó o bá tú ṣíìtì, fúréèmù fúnra ẹ̀ á padà díẹ̀, o máa rí i. Gbé e sórí páìpù tó tẹ́jú tí wọ́n ní kó o tò yẹn. Igun tó bá ṣì jáde, gé ojú ìjó igun náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ṣoṣo, fi kílámpù fà á wálẹ̀, fà á kọjá ibi tó yẹ kó dé díẹ̀, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ínṣì, torí tó o bá tú kílámpù á tún dìde. Jó o padà pẹ̀lú gógì 12.

Tí páìpù kan bá tẹ̀ bí ọrun, tí kì í ṣe pé igun ló lọ́, ibi tó yọ sóde ni kó o fi gáàsì kábáìdì gbóná, má fi iná sí ibi tó wọnú. Ya á bí òkè-ilé onígun mẹ́ta, ìdí ẹ̀ sí ẹ̀yìn tó yọ, ṣóńṣó ẹ̀ sí inú, gbóná an títí á fi pọ́n bíi ògúnná tó fẹ́ kú, má jẹ́ kó funfun. Wá fi sílẹ̀. Nígbà tí pupa bá ti kúrò lójú ẹ̀ o lè fi àkísà olómi tẹ̀ ẹ́. Á súnkì, á fa páìpù tọ́. Jẹ́ kó tutù pátápátá kó o tó wọ̀n ọ́n, irin gbígbóná máa ń parọ́ fún téèpù. Má gbóná ibì kan lẹ́ẹ̀mẹta.

Ṣíìtì tó wú náà, bẹ́ẹ̀ ni, ojú kan tó tó owó ẹyọ, ní orí ibi tó wú jù, gbóná an ní pupa díẹ̀, tẹ àkísà olómi mọ́ ọn. Lọ sí ojú mìíràn tó jìnnà sí i. Mẹ́rin tàbí márùn-ún á tó. Ẹ ṣọ́ kábáìdì o, ẹ má gbé gálọ́ọ̀nù ẹ̀ sún mọ́ ibi tẹ́ ẹ ti ń jó.

Wẹ́dà Òkè-Baálẹ̀:

Ẹ ṣé gan-an ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ ṣé bàbá, ẹ ṣé màámi Alẹ́kúwodò. Ọjọ́ mẹ́rin ni mi ò kọ nǹkan kan torí iṣẹ́ náà ni mo dojú kọ.

Mo tú ṣíìtì bí bàbá ṣe wí. Kí n tó fi kílámpù kàn án rárá, igun tó jáde ínṣì kan àtààbọ̀ ti padà dé ààbọ̀ ínṣì fúnra ẹ̀! Ọmọ iṣẹ́ mi pariwo. Mo gé igun, mo fà á kọjá, mo jó o, ó ku díẹ̀ báyìí tó jẹ́ pé tí ẹ ò bá gbé lẹ́fẹ́ẹ̀lì lé e ẹ ò lè mọ̀. Ṣíìtì, ojú márùn-ún ni mo gbóná, kò tẹ́ tán bí ìgbà tó wà nílé ìtajà àmọ́ kò dún gbà mọ́, mo tún fi páìpù 1 ínṣì mẹ́ta há a lẹ́yìn, mo sì jó o ní ínṣì kọ̀ọ̀kan láti àárín. Oníbàárà wá lánàá, ó fọwọ́ lù ú, ó ní kí n lọ parí ìkejì.

Apá kejì, mo ti táàkì ẹ̀ lálẹ́ òní, ìdábùú méjèèjì jẹ́ 110 àti ìdá márùn-ún nínú mẹ́jọ gẹ́lẹ́. Gógì 12 ló wà lọ́wọ́ mi. Mo ti ra ìbòjú kan sí i fún ọmọ yẹn. Mo ń dúró kí aago 11 lù kí iná dúró sójú kan ni.

Ìbéèrè kan ló kù: ṣé kí n jó hínjì mọ́ géètì nílẹ̀ níbí, àbí kí n gbé e dé ilé oníbàárà ná?

Ọ̀gá Òkè-Fìà:

Dé ilé oníbàárà. Gbé apá méjèèjì dúró láàárín òpó, fi pátákó há wọn nísàlẹ̀ kí wọ́n ga kúrò nílẹ̀ tó ínṣì méjì, táàkì hínjì nìkan, ṣí i kó o tì í lẹ́ẹ̀mẹta mẹ́rin. Tó bá lọ tó bọ̀ láì fara kan ibì kankan, ìgbà yẹn ni kó o jó o, òkè díẹ̀, ìsàlẹ̀ díẹ̀, kí òpó má bàa fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Hínjì ni kó o fi gógì 10 jó, irin ẹ̀ nípọn, òun ló ń gbé gbogbo ẹrù, àmọ́ ara hínjì ni kó o dojú iná kọ, kì í ṣe páìpù 1.5 yẹn. Kó o sì ha síńkì ara òpó yẹn kúrò kó o tó tan iná.